Sùkútà Nínú Pápá Sikéètì: Òótọ́ àti Irọ́

Ní Èkìtì wa, láti Ìfàkì dé Ìdó, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé, kò sí pápá sikéètì kankan tí ìjọba kọ́ fún ará ìlú. Ọmọ tó bá fẹ́ fi táyà kéékèèké ṣeré, ojú títì ló ń lọ, tàbí kọ̀rídọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn tísà bá ti lọ, tàbí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n da símẹ́ńtì sí. Síbẹ̀, ìjà tó ń lọ nínú àwọn pápá sikéètì Lọ́ńdọ̀nù àti Kalifọ́níà ti dé ọ̀dọ̀ wa kí pápá fúnra rẹ̀ tó dé. Fídíò orí fóònù ló gbé e wá. Ọmọ tí kò fojú rí irú pápá bẹ́ẹ̀ rí ti mọ̀ ọ́n sọ pé sùkútà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.

Sùkútà tí à ń wí yìí kì í ṣe Vespa tí àwọn tísà àtijọ́ ń gùn lọ síbi iṣẹ́ o. Èyí tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ kejì ti ilẹ̀, tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú ni. Kò ṣàjèjì sí wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ti ń kan tiwọn: pákó méjì, ìṣó, bẹ́ríìnì àlòkù láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ó parí. Ariwo rẹ̀ lórí ọ̀dà títì á gba gbogbo àdúgbò kan, ariwo àwọn ìyá tó ń ní kí wọ́n kúrò lọ́nà á sì tẹ̀ lé e. Èyí tó wà níta báyìí ni ti alumíníọ̀mù. Òmíràn bá ẹrù tòkunbọ̀ wọlé, òmíràn sì wà nínú àpótí tí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé òkè òkun dì wá fún ọmọ àbúrò rẹ̀.

Pápá sikéètì ní tirẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ kọnkéré dídán tí wọ́n mọ ìdagẹ̀rẹ́ sí, tí wọ́n gbẹ́ kòtò bí abọ́ ńlá sí, tí wọ́n ri irin àti àtẹ̀gùn mọ́ fún àwọn tó bá fẹ́ fò ó. Àwọn tó ń gun pátákó oní-táyà mẹ́rin ni orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ bá lọ. Àwọn ni mo máa pè ní onípátákó. Ẹ jẹ́ ká wá gbé àwọn ọ̀rọ̀ tó ń lọ káàkiri wò.

Wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni sùkútà, kì í ṣe eré ìdárayá

Ọwọ́ ọmọdé ló ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, ìyẹn kò ṣeé sẹ́. Sùkútà alumíníọ̀mù tó ṣeé ká, tí Wim Ouboter ará Switzerland fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, gba ìgboro ayé kan ní nǹkan bí ọdún 2000. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn àgbà eré náà ń lò nínú pápá lónìí kò ṣeé ká mọ́. Wọ́n jó o pọ̀ gírígírí, ó ń wúwo tó kílò mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹni tó bá sì fi í yí ara rẹ̀ po lófuurufú lẹ́ẹ̀mejì kó tó balẹ̀ kò ṣeré ọmọdé rárá. World Skate, àjọ tó ń ṣàkóso eré pátákó ní Òlíḿpíìkì, òun náà ló ń ṣàkóso ti sùkútà. Sùkútà wà nínú àwọn eré tí àjọ náà fi díje ní Bàsẹ́lónà lọ́dún 2019.

Sùkútà kò tí ì dé Òlíḿpíìkì. Pátákó ti dé ibẹ̀, láti ìdíje Tókíò tí Kòró sún sí 2021. Ẹ sì wo ẹni tó gba góòlù àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin nínú eré pátákó ojú pópó níbẹ̀: Momiji Nishiya, ọmọ Japan, ọmọ ọdún 13. Bó bá jẹ́ ọjọ́ orí la fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, àwọn onípátákó ló yẹ kó kọ́kọ́ panu mọ́.

Wọ́n ní àwọn onípátákó ló ni pápá, àlejò ni sùkútà

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ ti gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Norway, láti 1978 dé 1989, òfin ìjọba kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gun pátákó sikéètì, kò gbà kí wọ́n tà á, kò gbà kí wọ́n polówó rẹ̀. Wọ́n ní ó ń pa ọmọ lára. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń sá lọ sínú igbó láti lọ gun pátákó lórí ìdagẹ̀rẹ́ tí wọ́n kàn fúnra wọn, bí ẹni tó ń pọn ògógóró ní ayé òyìnbó amúnisìn.

Ẹ wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Lábẹ́ gbọ̀ngàn Queen Elizabeth Hall, létí odò Thames, àyè kan wà tí òpó kọnkéré pọ̀ sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ fún sikéètì. Àwọn ọmọ onípátákó kàn rí i láàárín àwọn ọdún 1970 ni, wọ́n sì sọ ọ́ di tiwọn. Lọ́dún 2013, ilé iṣẹ́ tó ni ibẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìtajà. Àwọn onípátákó gbé pẹpẹ síta, wọ́n ń gba orúkọ ẹni tó bá ń kọjá, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kò sẹ́ni tó máa lé wọn mọ́. Ní ọdún kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ pápá Rom ní Hornchurch, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1978, sínú ìwé àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò nítorí ìtàn wọn. Òun ni pápá sikéètì àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ BMX náà ń gun ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nígbà kan rí, àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí ni onípátákó ń lé kiri bí wọ́n ṣe ń lé onísùkútà báyìí.

Kí ló wá dé tí pátákó ìkìlọ̀ ọ̀pọ̀ pápá Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ gbangba pé kí sùkútà má wọlé? Àwọn èèyàn rò pé àwọn ọ̀gá eré náà ló jókòó, tí wọ́n rò ó, tí wọ́n sì rí i pé kò dára. Ní Kalifọ́níà ó kéré tán, lọ́yà ni ká bi. Lópin àwọn ọdún 1990, òfin kan jáde níbẹ̀ tó bọ́ ẹjọ́ kúrò lọ́rùn ìjọba ìbílẹ̀ bí onípátákó bá fara pa nínú pápá rẹ̀ níbi tó ti ń dárà eléwu. Pátákó nìkan ni òfin náà dárúkọ. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá wá jẹ́ kí sùkútà wọlé, ọrùn rẹ̀ ló fi sílẹ̀ yẹn. Ọmọ ẹni kan á ṣubú, bàbá rẹ̀ á gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n kúkú tilẹ̀kùn. Ọdún 2015 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́, sùkútà, bàtà oní-táyà àti kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera kún un. Èèwọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń rí lórí fóònù, tí wọ́n rò pé ó ti wà láti ìpìlẹ̀ ayé, ìbẹ̀rù owó ìtanràn ló bí i.

Kẹ̀kẹ́ àwọn aláìlera tí mo dárúkọ yẹn kò ṣàdédé bọ́ sínú òfin. Ní Las Vegas, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Aaron Fotheringham, tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ti ń gun kẹ̀kẹ́ aláìlera nínú pápá sikéètì láti kékeré. Lọ́dún 2006, ó fi kẹ̀kẹ́ náà takìtì sẹ́yìn lófuurufú, ó sì balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé táyà báyìí nìkan ló gbọdọ̀ wọ pápá, kó lọ sọ ọ́ lójú ẹni yẹn.

Wọ́n ní sùkútà ń ba kọnkéré jẹ́

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ike líle tó dà bíi rọ́bà ni táyà sùkútà, bíi ti pátákó, kò sì lè ṣe kọnkéré tó bá jinná dáadáa ní nǹkan kan. Ohun tó ń jẹ etí kọnkéré ni irin tí wọ́n ń fi wọ́ ọ. Irin abẹ́ pátákó wà níbẹ̀, irin tó yọ létí táyà BMX wà níbẹ̀, abẹ́ sùkútà náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń ri páìpù irin mọ́ etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pákó ni wọ́n fi kan ìdagẹ̀rẹ́ náà, ọ̀rọ̀ yí díẹ̀: orí ọwọ́ sùkútà tó bá ṣubú lè gún pákó lu. Fún irú Èkìtì wa yìí, tí òjò ń rọ̀ fún oṣù tó pọ̀ láàárín ọdún, ta ni yóò tilẹ̀ fi pákó ṣe pápá síta gbangba?

Wọ́n ní sùkútà ló ń ṣe àwọn ọmọ léṣe

Òótọ́ wà nínú èyí, àmọ́ ibi tí wọ́n ń nàka sí kọ́ ló wà.

Onípátákó máa ń fẹ̀gbẹ́ síwájú ni. Èjìká kan ló ń ṣáájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ sí apá kan pápá pátápátá, kò rí ẹni tó ń bọ̀ láti ibẹ̀. Onísùkútà dojú kọ iwájú, ó di ọwọ́ mú, ó sì lè yà bàrá nígbà tó bá wù ú. Àwọn méjèèjì kì í gba ipa kan náà nínú kòtò. Ẹnì kan ń lọ ń bọ̀ láti etí dé etí, ẹnì kejì á gba àárín kọjá. Bí ẹni tí kò lójú lẹ́yìn bá pàdé ẹni tó ya bàrá, wọ́n á kọlu ara wọn. Ìyẹn wà lóòótọ́.

Èyí tó tún lágbára ju ìyẹn lọ ni pé sùkútà rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbà á lọ́wọ́ rẹ lónìí, kó sì ti máa sáré káàkiri pápá kí oòrùn tó wọ̀. Lórí pátákó, ìdúró lásán á ti gbà á lọ́jọ́ púpọ̀, kó tó wá mọ bí a ṣe ń wọ ìdagẹ̀rẹ́, á ti pẹ́ níbẹ̀ tó láti mọ ìṣe àwọn tó bá níbẹ̀. Sùkútà ló ń tètè gbé ọmọ tí kò tí ì mọ nǹkan kan dé àárín àwọn tó ń sáré. Wọ́n wá ń pariwo sùkútà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí bàbá rẹ̀ jókòó sétí pápá tó ń tẹ fóònù ni ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tó bá sì ti mọ àwọn pápá wọ̀nyí yóò sọ fún ọ pé àwọn ọmọ yìí máa ń ṣọ́ǹtì. Ẹlòmíràn dúró lórí òkè, ó ń retí kó kàn án, ọmọ kékeré á kàn ya wọ inú kòtò láì wo ọ̀tún wo òsì. Ẹ̀sùn yẹn ni mo gbà fún àwọn onípátákó tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpalára nínú eré yìí, ẹnì kan kò kọlu ẹnì kan. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ṣubú, ó na ọwọ́ sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì gbà á. Àwọn oníṣègùn eegun ní Amẹ́ríkà ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ilẹ̀ tí kò tẹ́jú wà lára ohun tó ń fà á jù. Táyà pátákó kò ju nǹkan bíi mílímítà 50 sí 60 lọ ní ìdábùú. Òkúta wẹ́wẹ́ kan ti tó láti dá a dúró gbọnrangandan, kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì máa fò lọ. Ti sùkútà pápá tó nǹkan bíi 110, ó ń gun òkúta kékeré kọjá, ṣùgbọ́n ihò kò gbà fún un.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa gan-an. Òkè ló yí wa ká. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á kó yanrìn àti ọ̀kọ́ta láti orí òkè dà sójú títì, ibẹ̀ náà sì ni ọmọ tó ń bọ̀ láti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa bá a pàdé. Ó kéré tán, sùkútà alumíníọ̀mù ní bíréèkì ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ríìnì àlòkù kò ní nǹkan kan. Lójú títì kan náà ni ọ̀kadà wà, bọ́ọ̀sì tó ń sáré lọ Adó wà níbẹ̀, ọkọ̀ agbégẹdú náà sì ń bọ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé sùkútà máa kọlu pátákó nínú pápá, ṣé kò rí ohun tó wà níta? Bí ọrùn ọwọ́ ọmọ bá sì wú lẹ́yìn tó ṣubú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e lọ yàwòrán eegun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí wọ́ ọ; ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, kò jìnnà.

Wọ́n ní òyìnbó ló ni gbogbo rẹ̀, kò kàn wá

Ọmọ Nàìjíríà ló dá eré kan sílẹ̀ lórí pátákó oní-táyà tí òyìnbó kò ní irú rẹ̀. Ní Kánò, Misbahu Lawan Didi, tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú láti kékeré, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n jókòó lórí pátákó tí àwọn wẹ́dà ìlú jó táyà mọ́, wọ́n sì ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ símẹ́ńtì. Àwọn ìpínlẹ̀ míì gba eré náà, wọ́n ń díje. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ti mú ṣáájú ṣì wà láàárín wa, wọ́n sì ṣì nílò ilẹ̀ dídán tí wọ́n máa fi táyà wọn rìn. Pápá tó bá gbà wọ́n, ṣé sùkútà ni yóò lé?

Ní Èkó, WAFFLESNCREAM tí Jomi Marcus-Bello dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, ilé ìtajà àti ẹgbẹ́ àwọn onípátákó tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá Nàìjíríà. Ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè tó wà ní Surulérè, àwọn oníbàtà oní-táyà ti ń yí káàkiri láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Accra, lóṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n ṣí Freedom Skatepark, pápá sikéètì àkọ́kọ́ ní Gánà. Surf Ghana, ẹgbẹ́ tí Sandy Alibo dá sílẹ̀, ló wà nídìí rẹ̀, Virgil Abloh, gbajúmọ̀ ayàwòrán aṣọ tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà, sì wà lára àwọn tó kówó sí i. Ó kú lọ́jọ́ 28 oṣù Kọkànlá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Surf Ghana yìí kan náà ló dá Skate Gal Club sílẹ̀, níbi tí àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ eré náà láàárín ara wọn láìsí pé àwọn ọkùnrin ń tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn kò lé ọkùnrin jáde. Wọ́n wá àyè fún ẹni tí kò rí àyè ni.

Sùkútà oníbátìrì ńkọ́?

Kó dúró síta. Ó wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta ti èyí tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń sá tó kìlómítà 25 ní wákàtí kan, kò sì sí ẹni tó kọ́ kòtò pápá nítorí rẹ̀. Èmi kò rí ohun tí a fẹ́ jiyàn lé lórí níbẹ̀.

Àwọn onísùkútà náà ní irọ́ tiwọn

Wọ́n ní gbogbo ará ìlú ló ni pápá, kí olúkúlùkù wọlé bó ṣe wù ú, nígbà tó bá wù ú. Irọ́ ni. Ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ni kò ṣeé lò láìsí ètò. Gbogbo ẹni tó ti gbá mọ́ńkì póòsì rí lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sẹ́ẹ̀tì: sẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá gbá góòlù sí nílé máa jáde, èyí tó ń dúró á wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ lásán àti oníkáńfáàsì ń gbá a pọ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè bàtà tó o wọ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá wọlé nígbà tí kò kàn ọ́, wọ́n á jọ gbé ọ jù síta ni, ìyá rẹ kò sì ní í bá wọn jà.

Ohun tí àwọn ilé sikéètì tó mọ iṣẹ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe nìyẹn. Wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún onípátákó nìkan, wákàtí míì fún sùkútà, òwúrọ̀ Sátidé fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú òbí wọn, ìyókù sì jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Akoto lórí, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan nínú kòtò. Ẹni tó bá ṣọ́ǹtì, ó jáde.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé àti Ìdó-Òsì, kọnkéré títẹ́jú tí kò sún mọ́ títì ńlá, ìdagẹ̀rẹ́ kékeré méjì, gọ́tà tó dára fún àgbàrá, àti igun kan lọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, kò ju agbára yín lọ. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó ní ọgbà sí Ìkọ̀lé, ó sì ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kò yẹ ká lọ sí Èkó lọ wá ẹni tó máa yàwòrán rẹ̀. Tí ẹ bá wá fẹ́ kọ òfin sára ògiri rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ kọ wákàtí olúkúlùkù síbẹ̀, kí ẹ má sì kọ ọ́ pé sùkútà kò gbọdọ̀ wọlé. Pátákó tó wà ní gbogbo agbègbè yìí kò pọ̀. Bí ẹ bá lé àwọn onísùkútà, ẹ̀yin àti ewúrẹ́ lẹ máa jọ ni pápá náà.